Ilé ìdílé: ṣé Ìlọrin la ó kọ́ ọ sí, àbí orí ilẹ̀ bàbá wa lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo?

Bàbá Mújìdá bèèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Èèyàn mẹ́fà là ń gbé inú ilé: èmi àti ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta (ọdún 11, ọdún 7 àti ọdún 4), pẹ̀lú ìyá mi tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tánkẹ́ la ti ń sanwó ilé báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ síbi iṣẹ́ nígboro Ìlọrin. Télọ̀ ni ìyàwó mi.

Owó tó wà nílẹ̀ lè kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta parí lórí ilẹ̀ bàbá wa, lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, lápá Ọ̀rọ̀, nǹkan bí 50 kìlómítà sí Ìlọrin. Tó bá jẹ́ Ìlọrin ni, owó yẹn á ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, á ṣe ìpìlẹ̀, ó tán nìyẹn. Kò tíì sí kànga lórí ilẹ̀ bàbá wa, àmọ́ aládùúgbò ní ọ̀kan tí wọ́n ń pọn.

Pé abúlé tura, pé ariwo ìgboro pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́?

Bíríkìlà Àgbà:

Bàbá Mújìdá, ẹ kú ètò. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ná, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ojú ẹ̀.

Láti Ìlọrin lọ títí dé Òmù-Àrán, orí àpáta ni ilẹ̀ wa jókòó lé. Omi kì í tẹ́ káàkiri abẹ́ ẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta ló ń gbé, àti ibi tí àpáta fúnra ẹ̀ bá ti sán. Ìdí nìyí tí kànga ilé kan á fi máa lómi tọ̀sán-tòru, tí ti ilé kejì á sì gbẹ táútáú. Nítorí náà, kànga aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀rí fún tiyín. Irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló kàn ń sọ fún yín, ìyẹn gan-an sì wúlò.

Ẹ má lọ wò ó lóṣù kẹsàn-án o. Kò sí kànga tí kò lómi nígbà yẹn. Ìparí oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ lọ, kí òjò tó mú ilẹ̀ dáadáa. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé pé kí ẹnikẹ́ni má fa omi mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀. Ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn, kẹ́ ẹ ta kókó sí i ní mítà mítà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀. Ibi tí okùn ti rin yóò sọ bí omi ṣe jìn tó. Bí omi inú ẹ̀ kò bá tilẹ̀ pé mítà kan, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á títí ojú omi á fi wálẹ̀ ní mítà kan gbáko, kẹ́ ẹ wo aago.

Kànga tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan, omi mítà kan nínú ẹ̀ tó nǹkan bí 780 lítà. Bó bá ti padà sójú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kànga gidi ni. Bó bá jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà péré ló fi gòkè láàárín wákàtí 12, nǹkan bí 155 lítà nìyẹn, 310 lítà lóòjọ́. Ẹ̀yin mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá ka 40 lítà sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 240 lítà lẹ ó lò, a ò tíì ka ìfọṣọ Sátidé mọ́ ọn. Irú kànga bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ ti ilé méjì láéláé.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa gbe omi òjò. Ó dáa, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ mítà 12 sí 10, òjò mílímítà 10 tó bá rọ̀ lé e á fún yín ní 1,200 lítà, ìdá kan nínú márùn-ún á sì ṣòfò nínú ọ̀gbàrá páànù. Tánkì 2,000 lítà á kún lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta, inú yín á sì dùn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Oṣù márùn-ún yẹn, lójú 240 lítà lóòjọ́, 36,000 lítà ni. Tánkì 18 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣèdájọ́ ilé, kì í ṣe òjò.

Tó bá jẹ́ borehole lẹ máa gbẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yẹ ilẹ̀ wò. Irin mẹ́rin ni wọ́n máa ń gún mọ́lẹ̀, wọ́n á fi iná mọ̀nàmọ́ná gba àárín wọn láti mọ ibi tí àpáta ti jìn àti ibi tó ti sán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ta ló máa fara mọ́ owó bí kòtò bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìjà tó wà lórí borehole, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, kí wọ́n fa omi fún wákàtí bíi mélòó kan lójú yín. Omi tó tú jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò sọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Ìlọrin tẹ́ ẹ sọ. Púlọ́ọ̀tì kan tí à ń tà, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ni. Ààbọ̀ ẹ̀ jẹ́ 50 sí 50, ìyẹn mítà 15 sí 15. Kànga gbọ́dọ̀ fi mítà 30 jìnnà sí ihò ìgbẹ́, kí ihò náà sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kànga. Lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tò ó tí mítà 30 á fi yọ. Ihò aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bá wá ń rùn, tàbí tí inú àwọn ọmọ ń run wọ́n lóṣooṣù, ẹ ò ní mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà. Ilẹ̀ bàbá yín fẹ̀. Tèmi ni pé, ní ti omi, abúlé ló borí, bí kànga oṣù kẹta bá jẹ́rìí sí i.

Ìyá Ẹniọlá:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Ọ̀gá Bíríkìlà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbé inú kànga o. Bàbá Mújìdá, ìrìn lẹ máa kà.

Kìlómítà 50 àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 100. Ní ọjọ́ mẹ́ta, 300 kìlómítà lọ́sẹ̀. Mọ́tò tó ń jẹ lítà kan lórí kìlómítà 10 máa mu 30 lítà lọ́sẹ̀, ó lé ní 120 lítà lóṣù. Ẹ sọ ọ́ di owó epo ìdí òpó òní, kẹ́ ẹ fi táyà àti epo ẹ́ńjìnnì lé e, kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé tẹ́ ẹ̀ ń san ní Tánkẹ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn sá fún owó ilé, ìdí òpó epo ni wọ́n ń lọ san án.

Ìrìn àwọn ọmọ tún wà. Àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ń lọ sí JSS 1 báyìí báyìí. Ẹ má bi wọ́n bóyá ilé ẹ̀kọ́ wà lábúlé, ó wà. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láago mẹ́wàá àárọ̀, kẹ́ ẹ bèèrè ẹni tó ń kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wò bóyá òun fúnra ẹ̀ wà nínú kíláàsì. Ẹ bèèrè iye ọmọ tó jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá, kẹ́ ẹ wo èsì wọn lójú pátákó. Ọmọ ọdún 4 lè dàgbà níbikíbi. Ti ọdún 11 kò lè dúró de yín.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, kí oògùn oṣù méjì wà nílé nígbà gbogbo. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Òmù-Àrán àti Ọ̀fà, fún àyẹ̀wò oṣooṣù ìyẹn tó. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, Òkè-Ọ̀ṣẹ́ ló wà, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Láti ọ̀dọ̀ yín ẹ gbọ́dọ̀ dé Ìlọrin ná kẹ́ ẹ tó kọjá sọ́hùn-ún. Láago méjì òru, ta ló ní mọ́tò tó lè gbé màmá? Ẹ wá orúkọ èèyàn méjì àti nọ́ńbà fóònù wọn. Bẹ́ ẹ ò bá rí méjì, ẹ ò tíì ṣe tán.

Ìyàwó yín náà: télọ̀ ìgboro ń rí iṣẹ́ lóṣooṣù. Lábúlé, Iléyá, Kérésì, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni. Kì í ṣe pé owó ò sí, ó ń wọlé ní ìdì-ìdì. Ẹ bi í léèrè, ẹ má bá a dáhùn.

Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ lọ sùn níbẹ̀ lóru mẹ́ta kẹ́ ẹ tó pinnu, kí ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ òru Mọ́ńdè, tí kò sí òde. Ẹ ka iye ilé tó tanná ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ bi àwọn fijilanté bí wọ́n ṣe ń pín alẹ́ láàárín ara wọn. Kí ilé yín má jẹ́ èyí tó kẹ́yìn síbi igbó, kẹ́ ẹ sì má fi ìrìn ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí ìrọ̀lẹ́. Tí ibi iṣẹ́ kò bá lè tú yín sílẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ sùn sí Ìlọrin.

Lọ́yà Ìgbómìnà:

Gbogbo yín ń sọ “ilẹ̀ bàbá wa”. Bàbá wa ta ni? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba ilé jẹ́ ju ikán lọ.

Bí bàbá yín bá jogún ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tí wọn ò sì tíì pín in, ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹ lè kọ́lé sí i tí wọ́n bá gbà fún yín. Ilé lẹ ní, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, tàbí fi í yáwó ní báńkì, ẹ ò lè dá a ṣe. Ìyẹn nìkan ló yẹ kó jẹ́ kẹ́ ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó kó gbogbo owó yín sí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ ní kí olórí ẹbí pe àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin ilé pẹ̀lú. Kí wọ́n pín in, kí wọ́n tọ́ka sí apá tiyín, kí lọ́yà kọ ìwé ìpín-ilẹ̀, kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí. Olórí ẹbí tó bá dá fọwọ́ sí i láìsí àwọn aṣojú ojúlé, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Tó bá sì jẹ́ àwọn aṣojú ló fọwọ́ sí i tí olórí ẹbí kò mọ̀, òfo pátápátá ni látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni sọ̀fẹ́yọ̀ tó níwèé àṣẹ á wá ri òpó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ya àwòrán ẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni níwèé ẹ̀tọ́ fún ilẹ̀ tí kò sí nígboro. Ẹ gbà á.

Ohun kan tí àwọn ará ìgboro kì í wò ni igi. Ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká. Bí ẹ bá rí kajú tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹnì kan ló gbìn ín, onítọ̀hún kò sì gbìn ín fún yín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dáko lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Igi tó ń so lọ́dọọdún ni wọn kì í jẹ́ kó gbìn, torí ó ti fẹ́ di onílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wádìí ẹni tó ń ṣa kajú yẹn láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Tó bá jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá yín ni, ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé katakata wọ ibẹ̀. Owó igi kéré sí owó ẹjọ́.

Ní Ìlọrin ńkọ́, ẹ bi ẹni tó ń ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì fún yín pé ta ló ni ààbọ̀ kejì. Kí ẹ rí i pé sọ̀fẹ́yọ̀ yọ tiyín sọ́tọ̀ nínú àwòrán, kí ọ̀nà tó wọ inú ẹ̀ sì hàn lórí ìwé.

Oníná Sọlà:

Mo ń fi ti iná lé e. Ẹ má bèèrè “ṣé iná wà?” Ẹ bèèrè ìpele (Band) tí ilé iṣẹ́ iná fi òpó yẹn sí. Ìpele A ni wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó ìpele A ti fò sókè gan-an, ₦225 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí yúníìtì kan. Ẹni tó ń gbé ìgboro ń rí iná, ó sì ń sanwó ẹ̀.

Fún ilé yín lábúlé: fíríìjì kékeré yúníìtì 1 lóòjọ́, fáànù mẹ́ta fún wákàtí 8 bíi 1.4, gílóòbù mẹ́jọ nǹkan bí 0.3, tẹlifíṣọ̀n 0.3, mọ́tọ̀ maṣíìnì ìránṣọ 0.5. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ yúníìtì mẹ́ta ààbọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì mẹ́ta lè gbé e, pẹ̀lú bátìrì líthíọ̀mù yúníìtì 5. Tẹ́ ẹ bá lo bátìrì olómi, ẹ má lò ó kọjá ìdajì, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ ọdún méjì ló máa lò, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí télọ̀ ti ń ba sọlà jẹ́ ni áyọ́ọ̀nù. Wáàtì 1,000 ni, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìyàwó yín fi lọ aṣọ fún wákàtí kan péré, ó ti jẹ yúníìtì kan, gẹ́gẹ́ bíi fíríìjì láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ wá áyọ́ọ̀nù eléèédú fún un, tàbí kó máa lọ aṣọ láàárín aago mọ́kànlá sí méjì nígbà tí oòrùn mú. Fífa omi náà, ọ̀sán ni. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kùtù, kí gíláàsì má tíì gbóná.

Bàbá Mújìdá:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, omi àti ilẹ̀ ń fà mí sábúlé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìrìn ń fà mí padà. Ìyàwó mi ní ká wo àárín méjì: Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀ tàbí Ìdọ̀fíàn. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu, àbí a kàn ń ra ìṣòro ibi méjèèjì pọ̀ ni?

Ìyá Ẹniọlá:

Ìyàwó yín mọ̀ ọ́n rò. Ìdọ̀fíàn jẹ́ nǹkan bí 20 kìlómítà sí Ìlọrin. Ìrìn yín á já sí 120 kìlómítà lọ́sẹ̀, lítà 12 dípò 30. Akọ́bí lè wọ mọ́tò lọ sílé ẹ̀kọ́ nígboro, kó sì ti wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Gánmọ̀ súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ owó ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ pé òun súnmọ́.

Bíríkìlà Àgbà:

Mo fara mọ́ ti Ìyá Ẹniọlá, pẹ̀lú àfikún kan: ẹ ra púlọ́ọ̀tì kan odindi, ẹ má ra ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa fa ilé sẹ́yìn. Ilé lè máa dàgbà, ilẹ̀ kì í fẹ̀. Ẹ fi kànga ṣíwájú, kó wà ní igun òkè, ihò ìgbẹ́ ní igun ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kẹ́ ẹ bò ó, kẹ́ ẹ wọ ọ́. Ògiri tí yàrá kẹta máa fara tì, ẹ fi ojú fèrèsé tó tó ilẹ̀kùn síbẹ̀, pẹ̀lú bíìmù lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa fi òòlù fọ́ ilé yín lọ́la.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án bíi 25 sí 30 ló yẹ kí wọ́n yọ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ 45, iyanrìn ló ń tà fún yín. Kí iyanrìn tó wọlé, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Amọ̀ á jókòó sórí iyanrìn bí ìdérí. Bí ìdérí yẹn bá nípọn, tí ẹ lè rí i láti ọ̀ọ́kán, ẹ dá tírélà padà.

Ìjì àkọ́rọ̀ oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ló ń ká páànù lápá ibẹ̀ yẹn, pàápàá ilé tó dá dúró tí kò sí igi tàbí ilé mìíràn tó gba afẹ́fẹ́ fún un. Kí wọ́n fi irin sílẹ̀ nínú bíìmù, kó yọ jáde, kí wọ́n ká a mọ́ pákó ìdí òrùlé. Ìṣó nìkan kò tó. Kẹ́ ẹ ti kun pákó lóògùn ikán kí wọ́n tó gbé e gòkè, torí lẹ́yìn tí páànù bá ti wà lórí, ikán nìkan ló lè débẹ̀.

Ilẹ̀ bàbá yín, ẹ má tà á, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lásán. Ẹ ṣe ìwé ìpín tí Lọ́yà sọ, kẹ́ ẹ ri òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí màmá bá ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí lòun fẹ́ wà, yàrá àti pálọ̀ kan lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Bàbá Mújìdá:

Ẹ kú àánú mi. Ṣé àyẹ̀wò kànga yẹn kan Ìdọ̀fíàn náà? Okùn wà nílé, èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́.

Bíríkìlà Àgbà:

Ó kàn án, ilẹ̀ àpáta kan náà ni. Ẹ bá ilé mẹ́ta tó yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rà ká sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wọn kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹ má lo okùn ewúrẹ́ yẹn bó bá jẹ́ ti òwú. Òwú máa ń sún kì tó bá rin, kókó mítà yín á ti yẹ̀ kúrò níbi tẹ́ ẹ ta á sí kẹ́ ẹ tó dé kànga kejì. Okùn ọ̀rá ni kẹ́ ẹ rà.